Imú Lójú Omi

Wàìdí ní ká bọ́ bàtà, ká pa fóònù,
kí ẹni tó wọ aṣọ pupa yí i sódì.
Aago mẹ́fà kò tíì lù ní Èjìnrìn,
ìkùukùu ṣì tẹ́ sórí omi
bí aṣọ tí wọ́n sá tí kò gbẹ.
Àwa márùn-ún la tò tẹ̀ lé e,
ẹsẹ̀ ń wọ ẹrọ̀fọ̀, ẹrọ̀fọ̀ kò fẹ́ dá ẹsẹ̀ padà.
Èmi ni mo kẹ́yìn, èmi náà ni mo ń wúkọ́.

Lánàá, nígbà tí mo ní ahun odò ni mo fẹ́ lọ wò,
ìyàwó mi rẹ́rìn-ín. "Ọkọ Yánníbo?
Ẹ bá mi kí i. Ẹ bi í bóyá ó ti san gbèsè Ẹlẹ́dẹ̀."
Mo ní kì í ṣe ti inú àlọ́.
Èyí kò lẹ́nu ẹ̀tàn,
ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀ bí awọ bàtà tó ti rin,
imú rẹ̀ tín-ín-rín bí ẹnu fèrè ọmọdé,
kò sí àlọ́ kankan tí a pa mọ́ ọn.
Bóyá ìdí nìyẹn tí a ò fi mọ ìgbà tó ń tán lọ.

Wàìdí mọ̀ ọ́n. Ogún ọdún ló fi dẹ ìwọ̀ fún un,
ìfun adìẹ lẹ́nu ìwọ̀, okùn lára igi ògùrọ̀.
Lọ́jọ́ ọjà, á gbé e lọ sí Olúwo,
á fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀, á kọ àyà rẹ̀ sókè,
ẹsẹ̀ mẹ́rin á máa wa afẹ́fẹ́ bí àjẹ̀ tí kò rí omi.
Sáfù, ọmọ yunifásítì, bi í
bóyá àánú ló mú un jáwọ́.
Ó wo odò títí.
"Àánú kẹ̀? Ìwọ̀ mi ló ń ṣófo bọ̀.
Oṣù mẹ́ta, ìwọ̀ lásán.
Ẹni tó jẹ gbogbo ọbẹ̀ tán kì í pe ara rẹ̀ ní aláàwẹ̀."

A rìn. A rí yanrìn tí àwọn awayanrìn kó jọ,
òkìtì rẹ̀ ga ju ilé ìwé lọ.
A rí ọ̀rá omi mímu tó há sí gbòǹgbò.
Níbi tí abo wọn ti ń gòkè wá yé,
táyà kátàpílà ló sùn síbẹ̀.
Nínú ìwé Sáfù: lọ́dún tó kọjá, mọ́kànlá.
Lọ́dún yìí, láti ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀, mẹ́rin.
Òwú ìránṣọ ló fi so pẹ́ńsùlù mọ́ ìwé náà,
òwú ọ̀hún gùn ju àkọsílẹ̀ lọ.

A lúgọ. Ẹ̀fọn jẹ wá, a ò pa á.
Oòrùn yọ, ìkùukùu bẹ̀rẹ̀ sí í ká ẹní rẹ̀.
Omi là, díẹ̀,
bí ìgbà tí ìka kan tọ́ ọbẹ̀ wò,
imú kan yọ.
Ó mí.
Mo gbọ́ ọ. Mo gbé ikọ́ mi mì.
Èémí kékeré, bíi ti ẹni tó ta jí lóru
tí kò fẹ́ jí ọmọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.
Kí n tó nawọ́ sí i, omi ti pa ẹnu dé.

Sáfù kọ "ọ̀kan".
Wàìdí ní, "Kọ ìdajì. Imú nìkan la rí."

Nígbà tí a padà dé èbúté,
ọmọkùnrin kan dúró ti abọ́ oníke,
omi inú rẹ̀ kò mu kókósẹ̀.
Ahun kan wà níbẹ̀, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ,
ó ń na ọrùn, ó ń fi imú wá ibi tí odò gbà lọ.
"Ẹgbẹ̀rún márùn-ún," ọmọ náà wí.
Wàìdí yíjú sápá ibòmíràn:
ọmọ àbúrò rẹ̀ ni.

Ọwọ́ mi ti wà lápò. Sáfù dì í mú láti òde ṣòkòtò:
"Ẹ bá ra ọ̀kan, yóò mú méjì wá lọ́la."
Bí n ò bá wá rà á ńkọ́?
Kò dáhùn. Ó ṣí ìwé, ó gbé pẹ́ńsùlù sókè,
kò mọ abẹ́ èwo ni òun ó kọ ọ́ sí,
òwú ń fì nínú afẹ́fẹ́.